Orúkọ Tí Mi Ò Pè Síta

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níléèwé, tí ẹ ń bi ara yín léèrè pé irú iṣẹ́ wo ni ká ṣe, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé èmi tí ọmọ mi tó kéré jù ṣì ń mu ọyàn ni mo jókòó tí mo ń ròyìn iṣẹ́ ayé mi bí arúgbó. Iṣẹ́ tèmi ti parí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tẹ ìwé ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo kí wọ́n tó sọ fún wa pé kò sí owó tí wọ́n máa fi san owó oṣù wa mọ́, kí kálukú máa lọ sílé. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Àwọn tí a jọ lọ sílé, àwọn kan ti padà sídìí iṣu, àwọn kan ń lọ kó gààrí ní Ìgànná wá tà. Èmi ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀. Tí ọmọ bá ti sùn lọ́sàn-án ni mo máa ń mú gègé.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́wàá, èsì mi kò dára tó láti gbé mi lọ síbi gíga. Mo lọ sílé ọkọ, mo bí Rúkáyátù, mo wá gbọ́ pé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń wá obìnrin kan tí wọ́n máa kọ́ ní ìwé títẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ìlú náà wà láàárín Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ló ṣì wà láyé, a sì ń kí ara wa. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wa, páànù ló wà lórí rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa ojú títì máa ń wọlé wá jókòó sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí a bá nù ún láàárọ̀, ó ti padà dé lọ́sàn-án.

Ọ̀gá mi ni Bàbá Akọ̀wé. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó ga, ó gbẹ, apá kan gíláàsì ojú rẹ̀ ti kán, okùn ló fi so ó mọ́ etí. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n tẹ ọ̀rọ̀ kankan. Nọ́ńbà nìkan. Ó máa da aṣọ funfun kan bo ọwọ́ mi kí n má baà rí ibi tí ìka mi ń tẹ̀, á wá máa ka nọ́ńbà sí mi létí bíi pé ó ń bínú sí wọn.

Lọ́jọ́ kan ó sú mi. Mo ní, "Sà, ṣé mi ò ní tẹ lẹ́tà ni? Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíì ti ń tẹ ìwé ìpàdé."

"Lẹ́tà wo?" Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Bí o bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹni tó ń kà á máa rẹ́rìn-ín ẹ, á sì mọ ohun tí o fẹ́ wí. Bí o bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ á wá jókòó sílé, kò ní mọ ohun tó ṣe é. Ó yá, eéjì, eéje, òdo."

Bó ṣe le tó náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí Rúkà bá ń ké lẹ́yìn mi, ó máa ń sọ pé, "Lọ fún un lọ́yàn kí o padà wá. Èmi ò lè ka nọ́ńbà sínú igbe." Á wá jáde lọ dúró sábẹ́ igi òrí tó wà nínú ọgbà títí n óò fi ṣe tán. Mi ò rí ọ̀gá mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó mú kí nọ́ńbà ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ ìlú máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ tó yege ìwé mẹ́wàá. Sikọ́láṣípù là ń pè é. Kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń mú ẹni náà, èsì ìdánwò ni. Iṣẹ́ mẹ́fà tí ọmọ bá ti ṣe dáadáa jù ni wọ́n máa ń ṣírò pọ̀. Oókan ló dára jù, ẹẹ́sàn-án ló burú jù, nítorí náà ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá kéré jù ló mókè. Èmi gba mẹ́rìndínlógójì nígbà tèmi. Mo mọ bí nọ́ńbà ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn.

Ọ́fíìsì wa ló ń tẹ orúkọ àti èsì àwọn ọmọ náà fún ìgbìmọ̀. Orí pépà kan tí wọ́n fi ìda bò là ń tẹ̀ ẹ́ sí, a ó wá so ó mọ́ ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí, tí yóò tẹ ogún tàbí ọgbọ̀n ẹ̀dà jáde. Tí èèyàn bá ṣìṣe, omi pupa kan wà tó ń rùn bí ọ̀dà èékánná tí a fi ń bo àṣìṣe. Bàbá Akọ̀wé ò gbà kí a fi kan nọ́ńbà láé. Nọ́ńbà kan yí, ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni.

Ó sì ní òfin kan. Orúkọ la kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, èmi á jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun á di ìwé ńlá tí èsì wà nínú rẹ̀ mú. Èmi á pe orúkọ ọmọ síta, òun á dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà, èmi á tẹ̀ ẹ́. A kì í fọwọ́ tọ́ka, a kì í mi orí. Ẹnu ló gbọ́dọ̀ pè é.

Ọdún kẹrin tí mo débẹ̀ ni orúkọ àbúrò ọkọ mi wọ inú ìwé náà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọmọ ọwọ́ tó ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, ọkọ mi ni. Mo fi ọdún méje ju àbúrò ọkọ mi yìí lọ, síbẹ̀ ẹ̀yin ni mo fi ń pè é, Eyínfúnjowó sì ni orúkọ tí mo fún un, torí eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́. Orúkọ méjì ló wà lórí pépà: tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, tí í ṣe bàbá ọkọ mi. Èyí tó le jù nìyẹn. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ wọ́n láìsí wàhálà.

Ọ̀sán ni, ooru mú. Bàbá Akọ̀wé ti ń ka nọ́ńbà láti àárọ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Mo pe Sìkírátù, ọmọ Bàbá Onítábà tó ń dáko lójú ọ̀nà Òkákà. Ó dáhùn pé, "Mẹ́tàlá." Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí mà gbìyànjú o. Ẹni tó kàn ni Eyínfúnjowó. Mo la ẹnu, ẹnu kò pè é. Mo kàn fi ìka tọ́ka sí i lórí pépà, mo wo ojú ọ̀gá mi.

Ó na ọrùn, ó wo ìka mi láti inú gíláàsì olókùn yẹn. Ó rò pé Sìkírátù ni mo tún ń béèrè. "Mo ní mẹ́tàlá," ó wí, inú ti ń bí i. "Ṣé etí rẹ dí ni?"

Mo tẹ mẹ́tàlá síwájú orúkọ àbúrò ọkọ mi. Mo pe ẹni tó tẹ̀lé e.

N óò sọ òótọ́ fún yín. Inú mi dùn. Eyínfúnjowó ti sọ nílé pé òun yege, kò sọ iye, kò sì sẹ́ni tó bi í. Mi ò bi ara mi léèrè bó ṣe jẹ́ tí ọmọ tó fi gbogbo ọdún gbá bọ́ọ̀lù fi gba mẹ́tàlá. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọmọ méjì ló mókè, àwọn méjèèjì gba mẹ́tàlá, ẹnì kan ṣoṣo ni owó wà fún. Wọn ò jiyàn títí. Wọ́n ní obìnrin ni Sìkírátù, ilé ọkọ ló ń lọ, kí wọ́n fún ọkùnrin. Wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi ní kí a dín mósà, kí a fi ṣe sàráà. Mo wà nídìí epo ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Eyínfúnjowó wọlé dé.

"Ìyá Rúkà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọkọ mi! Eyínfúnjowó ará yunifásítì! Ṣé ẹ máa rántí wa tí ẹ bá dé ọ̀hún?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi. "Èmi? Kí n gbàgbé yín? Oore tí ẹ ṣe mí yìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa san án."

"Oore wo? Ṣé èmi ni mo bá yín kàwé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí n óò fi kú. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n di mẹ́tàlá! Ìyàwó bíi tiyín, ilé wo ló tún ní?"

Mi ò mọ ìgbà tó lọ. Ìyá ọkọ mi ló pariwo láti inú ilé pé kí ló ń jóná. Mósà tó wà nínú epo ti dúdú bí èédú.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fa Rúkà lọ́wọ́, mo gba ọ̀nà Òkákà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ sọ. Mo bá Sìkírátù lábẹ́ àtíbàbà, ó ń so ewé tábà mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ọrùn ọwọ́.

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Sìkírá, ò ń ran Bàbá lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní kí n ṣe èyí tán kó tó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni yìgì."

"Yìgì ta ni?"

"Tèmi mà. Ọkùnrin kan ní Ṣakí tó ń ta páàtì mọ́tò." Ó fa okùn, ó so ewé mìíràn. "Bàbá ò burú, ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé tí mo bá rí sikọ́láṣípù, àwọn ò ní dí mi lọ́wọ́. Tí mi ò bá rí i, àwọn ò lágbára."

Mo bi í pé ṣé ọkùnrin náà wù ú. Ó ní, "Àǹtí, mẹ́tàlá ni mo gbà. Kí ló tún kù tí mo lè ṣe tó máa kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé ilé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi níbi tó ti ń ro ẹ̀yìn ilé. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi."

"Tí o bá sọ ọ́ jáde, Bàbá ò ní dárí jì ọ́. Wọ́n á ní o kò fẹ́ ire fún ọmọ àwọn. Àwọn ará ìta á tún ní o ti fẹ́ jí i fún wa ni, ẹ̀rù ló bà ọ́."

"Mo mọ̀."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀. "Lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo ní kí o lọ o."

Mo bínú sí i nígbà náà. Mi ò bínú mọ́. Bàbá tirẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti wà ní ọ́fíìsì kí Bàbá Akọ̀wé tó dé. Mo ṣí ìwé ńlá sí ojú ewé náà. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, tí a fi tádàwà dúdú kọ. Nígbà tó wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe.

"Kí ló dé tí o kò pe orúkọ?"

"Ọkọ mi ni, sà. Orúkọ bàbá wa sì tún wà lára rẹ̀."

Ó jókòó. Ó tú okùn gíláàsì rẹ̀, ó tún un so. Mo ń retí pé yóò ní kí n kó ẹrù mi. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ pé kí o pe orúkọ, mi ò sì ronú kàn án lọ́jọ́ kan pé orúkọ kan lè wà tí o kò gbọdọ̀ pè. Dìde. Èmi ni mo dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. A jọ ń lọ ni."

Ìgbìmọ̀ gbà láti tún jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn ìrun àláásárì. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn bàbá ọmọ méjèèjì. Bàbá Onítábà jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ṣèèṣì wọlé. Bàbá ọkọ mi jókòó síwájú, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ sàráà.

Mo ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó yìí fi nọ́ńbà ta ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ, ó tún wá gbà á padà! Àbí mósà tí wọ́n bù fún un ni kò tó?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alága, Alhaji kan tó ní mọ́tò, gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá Akọ̀wé, báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká tún un kà lójú yín bí a ṣe máa ń kà á. Ẹ̀yin ni kí ẹ di ìwé mú, Alhaji. Kí ó máa pe orúkọ, kí ẹ máa dáhùn."

Mo dúró níwájú pátákó, mo di pépà mú. Mo pe àkọ́kọ́, Alhaji dáhùn. Mo pe ìkejì, ìkẹta. Mo pe Sìkírátù.

"Mẹ́tàlá."

Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló mọ ẹni tó kàn, wọ́n sì mọ ohun tí ẹnu mi ń dúró dè. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá ọkọ mi ń wò mí. Wọn kò mi orí pé kí n má pè é, wọn kò mi orí pé kí n pè é. Alhaji sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìyàwó, o lè fọwọ́ tọ́ka."

Mo ní, "Rárá, sà. Ọwọ́ ló kó wa síbí."

Mo pè é. Tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ketekete, bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn látọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Alhaji wo ìwé, ó tún un wò. "Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n."

Bàbá ọkọ mi dìde, wọ́n gbá agbádá wọn jọ, wọ́n jáde. Lẹ́yìn, Bàbá Onítábà ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n wí? Ṣé ti Sìkírá ni?"

Ti Sìkírá ni. Ó lọ, ó kàwé, ó padà wá. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìṣẹ́yìn báyìí, Rúkà mi sì wà nínú kíláàsì rẹ̀. Rúkà ní ó le jù. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ilé, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ mi láàárọ̀ tí wọn ò dáhùn. Mo ń kí wọn, mo ń dìde, mo ń lọ síbi iṣẹ́. Eyínfúnjowó kò jẹ́ kí n pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ ti pè mí lórúkọ lójú gbogbo ìlú, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ." Ṣùgbọ́n ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó tún ìdánwò náà ṣe, lọ́jọ́ tí èsì dé, ó na pépà sí mi níwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ kà á síta, Ìyá Rúkà."

Mo kà á: "Eyínfúnjowó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín náà yọ. Bàbá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, fún mi lómi." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn. Mo sáré tó bẹ́ẹ̀ tí omi náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù tán.

Bàbá Akọ̀wé fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kó tó lọ, ó yí òfin rẹ̀ padà: nọ́ńbà tí wọ́n fún ọmọ láti fi jókòó ṣe ìdánwò ni kí a máa pè síta, kì í ṣe orúkọ, kí ìyàwó ilé èyíkéyìí lè pè é láìfò. Aṣọ funfun tó fi ń bo ọwọ́ mi ló fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo fi gba ọmọ mi kejì nígbà tí mo bí i.

Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan yí. Ẹ̀rọ tí ń ya ẹ̀dà dé, pépà onída lọ. Ìdánwò tuntun kan dé fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, nínú èyí tí nọ́ńbà ńlá ló dára. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, Alhaji wo ìwé, ó ní, "Ọmọ yìí gba igba ó lé! Kí ló ń ṣe é? Ẹ yọ ọ́ kúrò." Ó gbà mí ní àárọ̀ kan gbáko kó tó yé wọn. Èsì wá ń ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ọ̀gá tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, sì ní kò sídìí fún kíkà síta mọ́. Èmi ń kà á síta fúnra mi.

Ìwé tí mo tẹ̀ kẹ́yìn ni orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró. Ọ̀gá gbé e fún mi láìwo ojú mi. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni, èmi ni ìkọkànlá. Mo tẹ orúkọ tán, mo ní kó di fáìlì mú kó máa dá mi lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ kálukú. Ó ní kí n jọ̀wọ́ fi sílẹ̀. Mo ní mi ò ní fi sílẹ̀. Mo pe àkọ́kọ́, ó dáhùn, mo ń pè é lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan èmi, ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ fò ó, Ìyá Rúkà. Mo mọ tiyín."

Mo sọ fún un pé mo ti fo orúkọ kan rí. Mo pe tèmi síta, mo dúró títí ó fi dáhùn, mo sì tẹ̀ ẹ́.